Ìràwọ̀ Tí A Pè Ní Àfẹ́sọ́nà

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹfà. La Serena.

Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Oṣù Kẹjọ ni n óò dúró níwájú àwọn olùdánwò láti gbèjà ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi. Prọ̀fẹ́ Oriana, ọ̀gá mi, ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ jẹ oyè.

"Yasna, orí kẹrin ìwé yẹn ni kí o tọ́jú bí ẹyin. Àwọn Àfẹ́sọ́nà ló máa gbé ọ dé Antofagasta."

Iṣẹ́ wà ní Antofagasta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tèmi. Ẹni tó mọ ìràwọ̀ alájọjẹ dunjú ni wọ́n ń wá, èmi ni mo sì rí tuntun. Òun ni ìkọkànlélógójì nínú àwọn tí mo ń yẹ̀ wò. Prọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Los Novios, àwọn Àfẹ́sọ́nà, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ lẹ́nu.

Òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan. Kíá, gbogbo àdúgbò ti ń ta sánsán sopaipilla tí a máa ń dín lọ́jọ́ òjò, àfi bíi pé wọ́n ti po ìyẹ̀fun sílẹ̀ de òjò. Èmi náà dín tèmi. Epo ti di ohun ọ̀ṣọ́ o.

Mo pe Bàbá ní Monte Patria, bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo Sunday láti ọdún mẹ́rin tí Màmá ti kú. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn ṣàlàyé, kó má baà gbé irọ́ lọ bá àwọn tó ń ta wáìnì.

"Bàbá, méjì ni wọ́n. Ọ̀kan pupa, ó ti dàgbà, ó sì ti wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Èkejì kéré, ó gbóná janjan, ó ń fa ara àgbà yẹn mu díẹ̀díẹ̀."

"Ó dà bí èmi àti Segundo àbúrò mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ó dáa, ó dáa. Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan wà tó máa ń fara jọ wọ́n. Bí ìràwọ̀ bá ń kú lọ, á bọ́ gáàsì ara rẹ̀ sílẹ̀, gáàsì náà á máa tàn yí i ká bí ìkuukùu. Ṣùgbọ́n tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìkuukùu sí àwọ̀, a kì í rí àmì àgbà pupa nínú rẹ̀. A kì í sì í rí ìlà pupa kan báyìí tó jẹ́ pé alájọjẹ nìkan ló ní in. Tèmi ní méjèèjì."

"Ẹni tó ń kú, tó tún ń bọ́ ẹ̀wù," ni Bàbá wí. "Ó ṣe mí láàánú."

Mo gbọ́ ìró agbada lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní doña Clorinda aládùúgbò ló wá yan búrẹ́dì nínú ilé òun. Àánú Bàbá ṣe mí. Òun nìkan nínú ilé ńlá yẹn, aládùúgbò ló tún ń bá a lo iná ìdáná.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹfà.

Camanchaca, kùrukùru òkun, wọ́ láti etí òkun, ó bo ìlú, ó gun òkè, ó sì bo awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀. A ò rí nǹkan kan. Mo sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi.

Lánàá, kété tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n fún mi ní awò. Ìsàlẹ̀ níbí ni mo jókòó sí, nínú yàrá tí a ti ń darí rẹ̀, pẹ̀lú tíì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn Àfẹ́sọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní ìlà-oòrùn. Mo tú ìmọ́lẹ̀ wọn, mo wò ó, mo nu ojú mi, mo tún un wò. Àmì àgbà pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìlà pupa ṣì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, kò mì. Ṣùgbọ́n àgbà ọ̀hún, ó ti lọ!

Mo rò pé mo ṣi ìràwọ̀ mú. N kò ṣì í mú. Mo rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ìràwọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ibo ló gbà?

Mo pe Bàbá, n kò sì sọ fún un. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka àjàrà, pé òtútù ti ń jẹ òun níka. Ó ní òun ti ní súwẹ́tà tuntun, ó nípọn. Mo ní kó má máa náwó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Rú, 28 Oṣù Kẹfà.

Mo mú un lọ bá Prọ̀fẹ́. Ó wò ó pẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbá mi mọ́ra.

"Ọmọ mi, o ò mọ ohun tí o rí? Ọ̀kan ti kọjá sẹ́yìn èkejì! Ó fara pamọ́! Ta ló tún rí irú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Inú mi ì bá dùn, àmọ́ ó ń ṣe mí bákan. Bí àgbà bá kọjá sẹ́yìn kékeré, ṣé kékeré lè bò ó ni? Mo bi í. Ó ní gáàsì tó nípọn ló bò ó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ń kọ̀wé sí àpérò Santiago pé a ní ìròyìn ayọ̀.

Baltazar tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì kò jẹ́ kí n sinmi. "Yasna, mo gbọ́ pé àwọn àfẹ́sọ́nà ẹ ti ń jà. Ṣé ọkọ ló kó jáde àbí ìyàwó?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ. Lọ wá tìẹ fẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Keje.

Àgbà pupa ti padà dé. Mo wò ó ní àná nígbà tí ìràwọ̀ náà ti ń sọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó tàn pupa roro bí ẹni tí kò lọ ibì kankan rí.

Àwọn alájọjẹ kì í kánjú. Ọdún kan, ọdún méjì ni wọ́n fi ń yí ara wọn po. Ẹni tó wú tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé kó tún jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Prọ̀fẹ́ ṣe sọ ọ́ kọ́ ni. Báwo wáá ni? Orí mi ń fọ́. Mo jẹ búrẹ́dì marraqueta mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kan náà láìmọ̀, mo wá ń wá ẹni tó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Keje.

Ọjọ́ ìbí doña Nelda, akọ̀wé wa, ni. A gé kéèkì, a mu tíì ìrọ̀lẹ́, Baltazar sì ya fọ́tò rẹ̀ níwájú fèrèsé. Nígbà tí a wo fọ́tò náà, igi ọ̀pẹ kan ti hù láàárín orí ìyá yẹn, ó fẹ imọ̀ sókè bí adé. Ẹ̀rín pa wá. Doña Nelda ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi wú u kúrò, kò bá aṣọ mi mu."

Baltazar ní, "Ẹ sún díẹ̀ sí apá òsì."

Ó sún. Ọ̀pẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀, ó padà sí òdìkejì títì tó wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Mo gbé kéèkì mi sílẹ̀. Mo dìde láìdágbére.

Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ gbogbo wa ni pé kí a yí ẹnu náà kó nàró gangan, kí afẹ́fẹ́ má baà fọ́n àwọ̀ ká. Mo ń pa òfin yẹn mọ́ bí ẹni ń gba àwẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnàró ní ìlà-oòrùn kì í ṣe ìnàró ní ìwọ̀-oòrùn. Bí ìràwọ̀ ṣe ń rìn ni ìdúró ẹnu yẹn lára rẹ̀ ń yí. Mo lọ wo gbogbo ọjọ́ tí mo ti wò ó. Ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, pupa ń bẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó wà ní ìlà-oòrùn, pupa kò sí.

Ìràwọ̀ pupa kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Bóyá ó tilẹ̀ jìnnà sí i lọ́nà tí kò ṣeé rò. Wọ́n kàn bọ́ sójú kan náà fún èmi tí mo dúró níhìn-ín ni, bí ọ̀pẹ àti orí doña Nelda. Èmi ni mo sì ń fi ọwọ́ ara mi kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá wù mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Keje.

Ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Wúńdíá ti Òkè Kámẹ́lì. Gbogbo ènìyàn lọ sílé wọn. Mo sọ fún Bàbá pé n kò ní lè wá. Ó ní, "Ṣé ara rẹ le? Ohùn rẹ dà bí ohùn ẹni tó gbé òkúta jẹ." Mo ní iṣẹ́ ni. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá mi sọ. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò ní àyè lórí.

Ẹrù rẹ̀ ti dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì Ovalle: wàràkàṣì ewúrẹ́, wọ́n dì í sínú aṣọ tí wọ́n ṣe òdòdó sí létí, wọ́n ta á ní kókó rẹ̀ǹtẹ̀rẹ̀ǹtẹ̀. Ìyà ìdánìkangbé á kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ọwọ́ o.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Keje.

Mo wọlé tọ Prọ̀fẹ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Prọ̀fẹ́, ẹ fara balẹ̀."

"Ara mi balẹ̀ láti àárọ̀. Ìwọ lo ń gbọ̀n. Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ láìgbójú sókè.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Fúráìdè."

"Nígbà tí à ń jẹ kéèkì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni mo sì gé èyí tó tóbi jù fún ọ." Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé. "Mo ti sọ ọ́ ní Santiago, Yasna. Mo ti fi orúkọ mi sí i. Ìlà pupa yẹn ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn. Alájọjẹ nìkan ló ní in. Lọ dáhùn ìyẹn kí o tó wá ba ilé jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà di méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìkuukùu, kí ni ìlà yẹn ń wá níbẹ̀? Bó bá jẹ́ alájọjẹ, àgbà tó ń fún un lóúnjẹ dà? Bí mo bá pa ẹnu mọ́, kò sí olùdánwò tó máa mọ̀. N óò gba oyè, n óò gba iṣẹ́. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n lè rí bó ṣe burú tó.

Ọjọ́ Bọ̀, 20 Oṣù Keje.

Prọ̀fẹ́ ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ àfi èmi. Èso píà tí à ń pè ní palta ti gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kí wọn lọ́jà lásán, mo sì kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Keje.

Prọ̀fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá, òun fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Ó sọ ìwé kan sórí tábìlì mi.

"Krypton," ló wí. "Gáàsì ni. Bó bá wà nínú ìkuukùu, ó máa ń ta ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sójú kan náà pẹ̀lú ti alájọjẹ. Láti ìgbà tí mo ti wà bíi tìẹ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé ni, torí mo fẹ́ gbàgbé."

Mo bu tíì fún un. A jókòó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ti alájọjẹ máa ń fẹ̀, ti krypton máa ń tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀rọ tí mo ń lò kò lè yà wọ́n. Bí a bá rí ẹ̀rọ tó lè yà wọ́n, kò ní sí iyàn mọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí tèmi lórí òkè ti tán fún ọdún yìí.

Ọjọ́ Rú, 2 Oṣù Kẹjọ.

Baltazar ní wákàtí kan lórí ẹ̀rọ tó dára. Mo lọ bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni n óò rí gbà?"

"Empanada tí wọ́n ń dín ní Peñuelas. Elédè òkun àti wàràkàṣì ló wà nínú rẹ̀."

"Kò sí elédè òkun, edé ni wọ́n ń pè é."

"Ebi ló ń da ọ̀rọ̀ rú mi lẹ́nu. Edé."

"Méjìlá."

"Ọlọ́ṣà ni ẹ́. Mẹ́fà."

"Mẹ́fà, kí o sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo tú ìgbéyàwó yẹn ká."

Mo gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹjọ.

Afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ lánàá, irú èyí tí kì í wọ́pọ̀. A kọ́kọ́ ya àwòrán. Níbi tí mo ti ń rí àmì kan láti ọdún méjì, àmì méjì ló wà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan bíi búlúù, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Mo yí ẹnu ẹ̀rọ kó má fara kan pupa. Àmì àgbà pòórá pátápátá. Ìlà yẹn yọ, ó tín-ín-rín bí irun, ó sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tí mo ti ń fi í sí tẹ́lẹ̀.

Ìkuukùu ni. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó ń kú lọ. Èmi ni mo lọ fẹ́ ìyàwó fún un.

Mo rò pé n óò sunkún, tàbí kí ara tù mí. N kò ṣe èyí, n kò ṣe tọ̀hún. Ojú Bàbá ni mo kàn ń rí, nínú ilé yẹn, pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹjọ.

Mo ní kí Bàbá wá síbi ìdánwò mi. Ó ní, "Ṣé mo lè mú doña Clorinda dání?"

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

"Ó fẹ́ rí òkun."

Ó dáa. Aládùúgbò tó ń lo iná ọ̀fẹ́, kó tún rí òkun ọ̀fẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹjọ.

Mo ti kọ̀wé sí Antofagasta, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fèsì: "Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa bó bá parí." Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Mo bi Prọ̀fẹ́. Ó ní ó túmọ̀ sí pé kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ bó bá parí.

Ó ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ará Santiago. Ó ní ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Kò sọ èyí tó kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹjọ.

Mo ti fa orí kẹrin ya, mo ti tún un kọ. Ó ti di orí tó ń sọ bí ìkuukùu ṣe lè tan ènìyàn jẹ. Mo padà sínú àkójọ àtijọ́, àwọn tí gbogbo ayé ti gbà pé alájọjẹ ni wọ́n. Méjì nínú wọn ń kọ mí lóminú báyìí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí okùn, á sá. N kò mọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹjọ.

Mo ti yege!

Olùdánwò tó le jù nínú wọn bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé lọ́la, báwo lo ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé o ò tún ní ṣi ẹyọ kan pè ní méjì?"

Mo ní, "N kò lè fọwọ́ sọ̀yà, sà. Ṣùgbọ́n bí ohun tí mo rí bá ń dùn mọ́ mi jù, n óò yí ẹ̀rọ, n óò tún un wò láti ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ará Antofagasta wà lára àwọn tó ń gbọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹni tó lè já ìràwọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, a lè fi ẹ̀rọ wa lé e lọ́wọ́. Máa wá lóṣù kẹta."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé tíì àti kéèkì jáde. Bàbá wọ kóòtù ìsìnkú Màmá, súwẹ́tà búlúù kan wà lábẹ́ rẹ̀. Doña Clorinda dúró tì í, pẹ̀lú súwẹ́tà búlúù kan náà, olówùú kan náà. Mo rí i. Kí Ọlọ́run gbọ́, mo rí i, mo sì rò pé ọjà kan náà ni wọ́n ti rà á.

Prọ̀fẹ́ Oriana wá kí wọn. "Don Eleodoro, ẹ kú orí ire. Màmá yìí ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá wí.

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Láti ìgbà wo?!"

"Láti Oṣù Kẹrin. A lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní Monte Patria. Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ àjọ̀dún yẹn, o ní o ò ní àyè lórí."

"Mo ní kó sọ ọ́," ni doña Clorinda wí, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èérún ife. "Mo ní, Eleodoro, sọ fún ọmọ yẹn. Ó ní àfi lẹ́yìn ìdánwò, kí orí rẹ má baà dàrú."

"Kí orí mi má baà dàrú!"

Prọ̀fẹ́ ti di ògiri mú, ẹ̀rín ń pa á lọ. "Ẹ wo ọ̀mọ̀wé àwọn àfẹ́sọ́nà! Yasna, o bá ìràwọ̀ fẹ́yàwó tí kò ní, o wá gba ti bàbá ẹ lọ́wọ́ ẹ̀!" Baltazar ní kí wọ́n sọ fún òun ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo dé ilé, mo sunkún. Màmá ni mo ń sunkún fún. Mo sì bínú, n kò sì mọ ẹni tí mo bínú sí.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹjọ. Monte Patria.

Mo tẹ̀lé wọn wá sílé. Mo wá pẹ̀lú ojú líle, kí n má purọ́. Mo fẹ́ wo ohun tó ti kúrò nípò.

Àwòrán Màmá ṣì wà lára ògiri yàrá ìjẹun. Kò sí eruku lára férémù rẹ̀. Òdòdó álímọ́ńdì tútù wà nínú ife níwájú rẹ̀. Àkókò wọn nìyí ní àfonífojì wa.

"Bàbá, ta ló ń fi òdòdó síbí?"

"Clorinda ni. Gbogbo Sunday. Kí fóònù rẹ tó dún, á ti tún ibẹ̀ ṣe, á pààrọ̀ omi, á ní kí Mirtha màmá rẹ má rò pé a gbàgbé òun lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀ máa ń pè."

Mo wo fèrèsé. Ní ìta, ó ń fọ agbada, omi tútù ń pọ́n ọn lọ́wọ́. Ìró agbada yẹn ni mo ti ń gbọ́ látẹ̀yìn Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù.

Mo gbé ìnùwọ́ kan, mo jáde lọ bá a.

"Doña Clorinda, ẹ gbé e wá kí n bá yín nù ún."

"O ò ní pe bàbá ẹ lónìí?" ló wí, ó ń ṣàwàdà. "Sunday mà ni."

"Ẹ̀yin ni mo wá pè," mo wí, mo sì gba agbada lọ́wọ́ rẹ̀.